Ìgbésí Ayé Ọba Rudolf Duala Manga Bell ti Ìlú Douala

Ní ìlú Douala, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, ọjà kan wà tí wọ́n ń pè ní Marché Congo, èyí tí í ṣe Ọjà Congo ní èdè tiwa. Ọjà aṣọ ni. Aṣọ àǹkárá oríṣiríṣi ni wọ́n tò jọ gègèrè láti ìsọ̀ kan dé òmíràn, àwọn tí ń tà á àti àwọn tí ń rà á sì ti ilẹ̀ púpọ̀ wá. Ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ yóò gbọ́ èdè Duala, èdè Bamiléké, èdè Haúsá àti èdè Faransé, àwa ará Nàìjíríà kò sì gbẹ́yìn. Apá ibi tí àdúgbò New Bell wà ni ọjà yìí wà. Èrò púpọ̀ ni ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́ láìbi ara wọn léèrè ìdí tí a fi ń pe àdúgbò náà ní Bell Tuntun. Bí Bell tuntun bá wà, ó dájú pé ti àtijọ́ ti wà rí. Bí ti àtijọ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín, tí a sì fi tipátipá dá ti tuntun sílẹ̀ nínú igbó, ni ó gba ẹ̀mí ọkùnrin tí mo fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀ yìí.

Mo yan ìtàn ọba yìí fún ìwé ìròyìn kọ́lẹ́jì wa nítorí pé ilẹ̀ tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ti wá kò dọ́gba, kò sì sí ọ̀sẹ̀ kan tí a kì í gbọ́ ọ pé kí a máa fi ọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ó dùn ún sọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nínú ayé Duala Manga Bell ni mo ti rí i bí ó ti ṣòro tó láti ṣe é, àti bí ó ti pẹ́ tó kí ó tó ṣeé ṣe.

Ọdún 1873 ni a bí i ní ìlú Douala, létí odò Wouri. Ìran ọba ni ìran rẹ̀. Ndumbe Lobe Bell, ẹni tí àwọn òyìnbó ń pè ní King Bell, ni bàbá bàbá rẹ̀. Manga Ndumbe Bell sì ni bàbá tí ó bí i. Kí àwọn olùkà tí kò mọ apá ibẹ̀ lè ní òye, ẹ jẹ́ kí n sọ pé àwọn ènìyàn Duala kì í ṣe abẹ́ ọba kan ṣoṣo. Ìdílé Bell ní ọba tirẹ̀, ìdílé Akwa ní tirẹ̀, ìdílé Deido àti ti Bonabéri náà sì ní olórí tiwọn. Alágbàtà ni gbogbo wọn. Bí epo pupa tàbí eyín erin bá ti òkè wá, ọwọ́ wọn ni yóò gbà dé ọ̀dọ̀ òyìnbó. Bí aṣọ tàbí iyọ̀ bá sì ti inú ọkọ̀ òkun jáde, ọwọ́ wọn náà ni yóò gbà lọ sí òkè. Bí ó ti máa ń rí láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe òwò kan náà, ìlara àti ìjà kò tán láàárín ìdílé Bell àti ìdílé Akwa.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù keje ọdún 1884, Ọba Bell àti Ọba Akwa fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn oníṣòwò Jámánì. Nípa ìwé yìí ni ilẹ̀ Jámánì fi di aláṣẹ ní Kamẹrúùnù. Ṣùgbọ́n àwọn ọba náà kì í ṣe ọmọdé. Wọ́n mú kí a kọ ọ́ sínú ìwé pé ilẹ̀ tí àwọn ń dáko sí àti ibi tí àwọn kọ́ ìlú sí yóò máa jẹ́ ti àwọn tí ó ni ín nígbà náà àti ti àwọn àtẹ̀lé wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn kékeré yìí sọ́kàn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá ni Rudolf nígbà tí wọ́n kọ ọ́, lórí rẹ̀ ni ó sì jà títí ó fi kú.

Nígbà tí ó di ọ̀dọ́mọkùnrin, bàbá rẹ̀ rán an lọ sí ilẹ̀ Jámánì láti kàwé. Ìlú kékeré kan tí à ń pè ní Aalen ni ó kọ́kọ́ gbé, ní ilé olùkọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Oesterle, lẹ́yìn náà ni ó lọ sí ilé ìwé gíga ní ìlú Ulm. Ó dùn mọ́ mi, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́, pé ilé olùkọ́ ni wọ́n fi ọmọ ọba wọ̀ sí. Ní ibẹ̀ ni ó ti mọ èdè Jámánì gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a bí sínú rẹ̀. Ó mọ̀ bí wọ́n ti ń ronú, bí wọ́n ti ń kọ ìwé sí ìjọba, àti bí wọ́n ti ń fi òfin gbé ara wọn lẹ́jọ́. Nígbà tí ó padà sílé, kò fi ohun tí ó kọ́ ṣe fáàrí. Ó fẹ́ Emily Engome Dayas, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Duala, ó sì ń ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ọba. Ní ọdún 1902, òun àti bàbá rẹ̀ jọ rìnrìn àjò lọ sí Jámánì láti gbé ẹ̀dùn ọkàn àwọn ènìyàn wọn lọ síwájú ìjọba.

Ní ọdún 1908 Manga Ndumbe kú, Rudolf sì gorí oyè. Ààfin dáradára kan wà ní àdúgbò Bonanjo tí bàbá rẹ̀ kọ́ ní ọdún 1905, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní Pagoda títí di òní. Ẹni tí ó bá rí ilé náà lè rò pé ọrọ̀ nìkan ni ọba tuntun náà jogún. Ó jogún oko kòkó àti ilẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó jogún gbèsè pẹ̀lú. Àwọn Jámánì ti gba iṣẹ́ alágbàtà kúrò lọ́wọ́ àwọn Duala, owó kò sì wọlé bí ó ti ń wọlé tẹ́lẹ̀ mọ́. Ohun tí ọba kọ́kọ́ ṣe ni pé ó fi ojú sí ìṣirò. Ó fi díẹ̀ nínú ilé àti ilẹ̀ rẹ̀ háyà fún àwọn òyìnbó, ó sì ń fi owó náà san gbèsè. Kò sí ẹni tí yóò kọrin nípa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ mo gbà pé ìwà yìí gan-an ni ó mú kí ó lè dúró níwájú ìjọba láìbẹ̀rù nígbà tí wàhálà dé, nítorí ẹni tí ó jẹ gbèsè kì í lè gbójú sókè wo olówó.

Wàhálà náà dé kíákíá. Ní ọdún 1910, ìjọba Jámánì gbé ètò kan kalẹ̀ pé kí gbogbo àwọn Duala tí ń gbé etí odò kó kúrò lọ sí òkèèrè nínú ilẹ̀. Etí odò yóò di ti àwọn òyìnbó nìkan, a ó sì fi ilẹ̀ òfìfo tí ó fẹ̀ tó kìlómítà kan sí àárín àdúgbò òyìnbó àti àdúgbò aláwọ̀ dúdú. Àwọn dókítà ìjọba wí pé ìdí rẹ̀ ni ibà: wọ́n ní ẹ̀fọn a máa gbé e láti ara ọmọ dúdú wá sí ara òyìnbó, àti pé ẹ̀fọn kò lè fò rékọjá ilẹ̀ òfìfo náà. Ṣùgbọ́n èbúté ń gbòòrò nígbà náà, ọ̀nà ojú irin ń wọ inú ilẹ̀ lọ, owó ilẹ̀ etí odò sì ń gòkè lójoojúmọ́. Olúkúlùkù lè fi ọgbọ́n tirẹ̀ mọ èyí tí ó jẹ́ ìdí tòótọ́ nínú méjèèjì. Owó gbà-má-bìínú tí wọ́n fẹ́ san kò tó iye tí ilẹ̀ náà tó rárá.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ dúró díẹ̀, nítorí pé ọ̀nà tí ọba yìí gbà ṣiṣẹ́ yẹ fún àkíyèsí. Àwọn ọmọkùnrin ìlú ń bínú. Bí ọba bá fẹ́ ìjà ìgboro, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu rẹ̀ ti tó. Kò sọ ọ́. Ó padà sí ìwé àdéhùn ọdún 1884, ó kà á, ó sì rí i pé gbólóhùn nípa ilẹ̀ wà níbẹ̀ gbangba. Ó mọ̀ pé Gómìnà lè sẹ́ ohunkóhun ní Kamẹrúùnù, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún ìjọba ní Berlin láti sẹ́ ìwé tí a fi orúkọ tiwọn tẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin tiwọn. Nítorí náà ó fi ara balẹ̀ yan ojú ìjà tí ó mọ̀. Ìwé ni yóò fi jà, ní èdè Jámánì tí kò ní àbùkù, pẹ̀lú òfin Jámánì fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé ọba kan ṣoṣo kò ní tó. Ní ọdún 1905, Ọba Dika Akwa àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ti kọ ìwé ẹ̀sùn sí ìgbìmọ̀ aṣòfin Jámánì nípa ìwà ìkà Gómìnà Puttkamer. Àwọn ará Bell kò fi ọwọ́ sí i nígbà náà. Wọ́n ta kété, wọ́n ń wo bí yóò ti rí. Àwọn Akwa jẹ ẹ̀wọ̀n nítorí ìwé náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n pe Puttkamer padà sílé nígbẹ̀yìn. Ẹ fi ojú inú wo ọba Bell tí ó wá tọ àwọn Akwa lọ ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà pé kí wọ́n jọ kọ ìwé. Ó rọrùn fún Akwa láti rán an létí ibi tí Bell wà ní ọdún 1905. Bí ó ti sọ ọ́ débi tí wọ́n fi gbà, ìwé kò sọ fún wa. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà. Láti òpin ọdún 1911, ohùn àwọn olórí Duala di ọ̀kan, wọ́n ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Berlin. Àwọn ìdílé tí wọ́n ti ń bá ara wọn ṣe gbọ́nmi-si-omi-ò-to láti ìgbà ìwáṣẹ̀ jọ dá owó, wọ́n jọ gbìmọ̀, wọ́n sì fi Rudolf ṣe agbẹnusọ wọn. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Gbogbo wa ni a mọ òwe náà. Ó ku ẹni tí yóò kọ́kọ́ na ọwọ́ sí ọ̀tá rẹ̀ àtijọ́.

Ìjọba kò gbọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1913 wọ́n gbé àṣẹ jáde pé a ti gba ilẹ̀ náà. Ọba kọ̀ láti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí oyè, wọ́n sì gba owó tí ìjọba ń san fún un. Nígbà tí ọdún náà ń parí lọ, àwọn ọlọ́pàá wọ Bonanjo, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé, wọ́n sì ń lé àwọn ìdílé Bell lọ sí ibi tuntun tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn, èyí ni New Bell. Àwọn ìyá kó ìkòkò wọn lérí, àwọn àgbà fi ojú ilẹ̀ bàbá wọn sílẹ̀. Síbẹ̀ kò sí òyìnbó kan tí wọ́n pa, kò sí ilé ìjọba kan tí wọ́n dáná sun. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan sọ pé ojo ni ẹni tí kò jà. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Láti mú kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí inú ń bí kó ọwọ́ ró fún ọdún mẹ́rin, ó gba agbára ju kí a jù wọ́n sínú ìjà lọ.

Akọ̀wé ọba ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ngoso Din. Orúkọ rẹ̀ kì í sábà gùn nínú ìwé ìtàn, n kò sì fẹ́ kí a kọjá lára rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìjọba ti fi òfin de àwọn Duala pé wọn kò gbọdọ̀ ránṣẹ́ kankan lọ sí Jámánì. Ọba gbé iṣẹ́ náà lé Ngoso Din lọ́wọ́, òun náà sì yọ́ jáde kúrò ní ìlú ní ìkọ̀kọ̀, ó wọ ọkọ̀ òkun, ó sì dé ilẹ̀ Jámánì. Níbẹ̀ ni ó ti gba agbẹjọ́rò. Ó bá oníwèé ìròyìn kan tí ń jẹ́ Hellmut von Gerlach pàdé, ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ àwọn Duala sínú ìwé ìròyìn kí àwọn ará Jámánì lè kà á. Ẹ wo irú ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó wà láàárín ọba àti akọ̀wé yìí. Ọba kò lè rí i, kò lè darí rẹ̀ láti òkèèrè. Ohun tí Ngoso Din bá rí pé ó dára ni yóò ṣe, ọba yóò sì fara mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a máa ń ṣe olórí ẹgbẹ́ níhìn-ín kì í lè fi ìwé owó ẹgbẹ́ lé akápò lọ́wọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́.

Iṣẹ́ Ngoso Din sì so èso. Ní oṣù kẹta ọdún 1914, ìgbìmọ̀ kan nínú ilé aṣòfin ní Berlin ní kí a dá iṣẹ́ ìgbàlẹ̀ náà dúró ná, kí ìjọba wá ṣe àlàyé. Àwọn aṣòfin wà ní Jámánì tí wọ́n gbà pé ẹ̀tọ́ ni àwọn Duala ń bèèrè. Ó kù díẹ̀ kí ìwé borí ìbọn.

Ohun tí ó bà á jẹ́ ni èyí. Bí ọba ti rí i pé ilé ń wó lọ ní Bonanjo, ó pinnu pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti Duala nìkan mọ́, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn ọba mìíràn ní Kamẹrúùnù. Lára wọn ni Sultan Njoya ti àwọn Bamum, ní ìlú Foumban lókè réré. Ọba olóye ni Njoya, ẹni tí ó fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ dá ọ̀nà ìkọ̀wé kan sílẹ̀ fún èdè àwọn ènìyàn rẹ̀, èyí tí ìròyìn rẹ̀ ti kan gbogbo ayé. Nígbà tí iṣẹ́ Douala dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sọ ọ́ fún àwọn míṣọ́nnárì Basel tí ń bẹ ní ìlú rẹ̀, láti ibẹ̀ ni ó sì ti dé etí ìjọba. Ìjọba wí pé Manga Bell ń pe àwọn ọba sínú ọ̀tẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀sùn náà lọ sí Berlin, ọkàn àwọn aṣòfin yí padà, wọ́n sì fi ọwọ́ sí gbígba ilẹ̀ náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa bú Njoya nítorí èyí. Kí a tó bú u, ó yẹ kí a wo ibi tí ó dúró sí. Àwọn Nso, tí í ṣe aládùúgbò Bamum, ti pa bàbá rẹ̀ lójú ogun, wọ́n sì ti gbé orí rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1906 ni àwọn Jámánì bá àwọn Nso jà, wọ́n gba orí náà padà, wọ́n sì fà á lé Njoya lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ohun tí orí bàbá ẹni jẹ́ ní ilẹ̀ wa yóò mọ ìwọ̀n ìgbèsè tí ó rò pé òun jẹ àwọn Jámánì. Kí ni àwọn Duala ti ṣe fún Bamum rí? Alágbàtà etí òkun ni wọ́n jẹ́ lójú àwọn ará òkè, àwọn tí ń jẹ èrè lórí ẹrù tí ó kọjá. Akwa jẹ́ ọ̀tá Bell, ṣùgbọ́n ọ̀tá tí ó mọ̀ ọ́n ni. Wọ́n jọ ń sọ èdè kan, wọ́n jọ ń mu omi odò kan, ewu kan náà sì ń bọ̀ wá bá wọn. Njoya kò rí ewu náà. Ọdún mẹ́ta ni Rudolf fi fi sùúrù kọ ìwé sí Berlin, ọdún mẹ́ta náà ni ó fi bá Akwa àti Deido jókòó. Iṣẹ́ tí ó rán sí Foumban dé nígbà tí iná ti wà lórí òrùlé, ó sì dé sí ọ̀dọ̀ ẹni tí wọn kò tíì jọ jẹun pọ̀ tó láti gbẹ́kẹ̀ lé ara wọn. Èyí ni ìdájọ́ tèmi. Bí ẹlòmíràn nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ti Kamẹrúùnù wá bá ní èrò mìíràn, inú mi yóò dùn láti gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù karùn-ún ọdún 1914 ni wọ́n mú ọba sí ẹ̀wọ̀n ní Douala. Wọ́n mú Ngoso Din ní Jámánì, wọ́n sì dá a padà sílé nínú ọkọ̀ òkun láti wá jẹ́jọ́. Àwọn agbẹjọ́rò tí ó gbà ní Jámánì jìnnà réré. Lẹ́yìn náà ni Ogun Ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù ní oṣù kẹjọ, ẹ̀rù sì ba ìjọba Kamẹrúùnù pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé yóò gba etí òkun wọ̀lú. Ní ọjọ́ keje oṣù náà wọ́n gbé ọba àti akọ̀wé rẹ̀ wá sí ilé ẹjọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe ẹjọ́ náà. Àwọn míṣọ́nnárì bẹ Gómìnà Ebermaier pé kí ó dá ẹ̀mí wọn sí, kò gbà. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ ọdún 1914, wọ́n so àwọn méjèèjì kọ́. Ní ọjọ́ náà gan-an, ní ìlú Ebolowa, wọ́n pa Martin-Paul Samba, ọmọ Bulu kan tí ó ti ṣe ọmọ ogun Jámánì rí, lórí irú ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan náà.

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn ikú wọn tí àwọn Jámánì fi pàdánù Douala. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ọdún 1914 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé wọ ìlú náà. Nígbà tí ogun parí, Faransé ni ó di aláṣẹ níbẹ̀, kò sì dá ilẹ̀ Bonanjo padà fún àwọn Bell. Àwọn Duala tún bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé, lọ́tẹ̀ yìí sí Faransé àti sí Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè ní Geneva. New Bell ní tirẹ̀ kò ṣe bí àwọn tí ó pète rẹ̀ ti rò. Àwọn Bell fúnra wọn kò fẹ́ràn àti máa gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn àlejò wọ́ wá láti ibi gbogbo: àwọn ará òkè, àwọn Haúsá, àwọn ọmọ Nàìjíríà, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹrù àti èdè rẹ̀. Ibi tí a dá sílẹ̀ láti fi ya ènìyàn sọ́tọ̀ ni ó di ibi tí oríṣiríṣi ènìyàn ti ń tajà fún ara wọn.

Ohun kan wà tí àwọn tí ń ka ìtàn yìí a máa gbójú fò. Ètò ọdún 1910 kì í ṣe ti Bell nìkan. Wọ́n fẹ́ kó Akwa àti Deido kúrò létí odò pẹ̀lú. Bí ìwé ẹ̀bẹ̀ ti ń tẹ̀lé ìwé ẹ̀bẹ̀, bí àwọn aṣòfin ti ń bèèrè ọ̀rọ̀, iṣẹ́ náà ń falẹ̀, ọdún ń gorí ọdún, títí ogun fi dé bá wọn nígbà tí ó jẹ́ pé ilẹ̀ Bell nìkan ni wọ́n tíì gbà. Àwọn Akwa kò kúrò. Àdúgbò Akwa wà létí odò títí di òní, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí òwò ti gbóná jù ní Douala.

Alexandre Douala Manga Bell, ọmọ ọba náà, ẹni tí wọ́n ti rán lọ sí Jámánì láti kékeré, padà wá jẹ olórí ìdílé náà, ó sì jókòó ní ilé aṣòfin Faransé ní Paris fún Kamẹrúùnù fún ọdún púpọ̀, títí di ọdún 1958. Ní ọdún 2022, ìlú Ulm tí Rudolf ti lọ sí ilé ìwé fi orúkọ rẹ̀ pe gbàgede kan láàárín ìlú wọn.